Ẹ̀bẹ̀ Níwájú Iná Gáàsì

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé abúlé tí ilẹ̀ kì í ṣú. Òórùn rẹ̀ ni mo mọ̀ kí n tó fojú rí i, òórùn bí ìgbà tí àtùpà bá kú lójijì nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó pàdé wa lójú omi, ó dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹrẹ̀ àti ti ewé tó ń jẹrà létí odò, ó sì bá mi padà sílé. Nígbà tí mo dé ilé mi lójú ọ̀nà Ekenwan ní Benin lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi gbé ẹ̀wù mi sí imú, ó ní, "Bàbá, ṣé inú ẹ̀rọ lẹ sùn ni?" Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ, torí ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà, kí ọdún 2010 tó wọlé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbé Ekosodin pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n há mọ́ yàrá kan bíi sadíìnì. Lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì, ó wáṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kó tó rí ọ̀kan nílé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbin igi. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń fa epo ní ìsàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń sun gáàsì tó ń bá epo náà jáde. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ yóò wá ilẹ̀, yóò gbin igi sí i, àwọn tó ń sun gáàsì yóò sanwó igi náà, wọn yóò sì lè sọ fún gbogbo ayé pé igi ti fa èéfín àwọn mu, pé àwọn ò jẹ ayé ní nǹkan kan mọ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, ojú rẹ̀ ń dán. "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé igi ń mí," ó ní. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ wọn. Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà tútù fún un.

Ilẹ̀ tí wọ́n yàn wà lábúlé ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìlàjẹ ni màmá náà. Ó ti fẹ́ ọmọ abúlé yẹn láti ìgbà èwe, ọkọ ti kú, oko ẹ̀gẹ́ tí ọkọ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun. Ọmọ wa rò pé àna kì í ṣe àlejò. Ó kó àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wọ inú oko láìkọ́kọ́ ya ilé màmá, wọ́n sì ti ri èèkàn káàkiri ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ kó sinmi kó tó gbọ́. Màmá hú èyí tó wà ní tirẹ̀, ó fi dáná, ó sì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé rẹ̀." Oyún wà nínú ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó bí, màmá kò wá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àkọ́bí ni. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ? Àwọn aládùúgbò ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ń sunkún, ọmọ ń sunkún, bàbá ọmọ sì sọ ẹnu ọ̀nà wa di ibùjókòó. Ó ní kí n bá òun bẹ ìyá ìyàwó òun.

Èmi ni wọ́n máa ń pè láti parí ìjà nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Benin. Mo ní ètò tèmi, n kì í yẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́," mo máa ń bi ẹni tó ṣẹ̀, lójú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, pé, "Ṣé o ti jáwọ́?" Ìdí ni pé ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ìnira mìíràn ni. Mo mú ìyá kan nínú ìjọ dání, ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, torí ẹ̀bẹ̀ àna kò dùn lẹ́nu ọkùnrin nìkan. Èmi, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé iṣu àti ìrẹsì, a wọ ọkọ̀, lẹ́yìn náà a bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. "Tísà, ẹ di ọkọ̀ mú o," Ìyá Aláṣọ ń yọ mí lẹ́nu. "Jọ́gíráfì ò ní kó yín yọ nínú omi yìí." Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé, ṣùgbọ́n wíwọ̀ rẹ̀ kò yí ohunkóhun padà. Bí ìmọ́lẹ̀ kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń gba ipò rẹ̀, pupa bí epo tuntun, ó ń ti ẹ̀yìn igi jáde, ó tàn sójú omi, ó tàn sórí páànù tí òjò ti jẹ àti sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí etí wọn ti gbẹ. Iná gáàsì náà ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ó ń hó láìdánu dúró, bí ìgbà tí ìjì ńlá ń bọ̀ lókèèrè tí kò sì dé láéláé. Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ kiri ní àkókò tó yẹ kí wọ́n ti wọlé. Àwọn ọmọdé ń ṣeré, kò sí ìyá tó ń pe ọmọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin kan sá ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná náà, torí pé ooru rẹ̀ ń tètè gbẹ ẹ́. Mo wo ọwọ́ mi, ó pupa. Mo wo Ìyá Aláṣọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ti fi gèlè bo imú àti ẹnu. Ó ṣe mí bíi pé mo wà nínú àlá tí ẹlòmíràn ń lá.

Màmá wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbé àga fún wa, ó fún wa lómi. Àna rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì sọ pé kó dìde.

Ìyá Aláṣọ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ fojú fò ó. Ọkùnrin, bí wọ́n bá ríṣẹ́ tán, wọ́n á máa sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn."

"Oko mi wá ni ewúrẹ́ yẹn já sí," Màmá dáhùn, ẹ̀rín díẹ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó kàn mí. Mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé o ti jáwọ́?"

"Mo ti jáwọ́, sà. Mi ò ní tẹ ilẹ̀ Màmá mọ́ láìgbàṣẹ."

Mo yíjú sí Màmá, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Tísà, ẹ ṣé. Ìbéèrè yẹn dáa. Ẹ bá mi bi ẹni tó rán an." Ó fi àgbọ̀n júwe iná náà. "Ṣé ìyẹn ti jáwọ́?"

Ọmọ náà gbórí sókè díẹ̀. "Màmá, igi yẹn máa fa èéfín rẹ̀ mu."

"Mo gbọ́. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá pa iná?"

Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ bíi ti ìgbà tó wà ní kíláàsì mi. Ó ṣe mí bíi kí n ràn án lọ́wọ́, mo sì kó ara mi níjàánu. "Wọn ò ní pa á," ló sọ níkẹyìn. "Tí igi yẹn bá ti wà, kò sóhun tó máa mú kí wọ́n pa á." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ dẹ́rù bà.

"Dìde," Màmá sọ. "Ìwọ, mo ti forí jì ọ́. Àwọn yẹn, kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n èèkàn tó wà lóko ìyálé mi ńkọ́, àti tàwọn yòókù? Ṣé ilẹ̀ tèmi nìkan lo máa jáwọ́ nínú rẹ̀, kí n lè wá wẹ ọmọ fún ọ?"

"Màmá, tí mo bá hú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kí o hú u. Mo bi ọ́ léèrè ni."

Wọ́n tẹ́ ẹní fún wa. Mo di ojú mi, pupa náà ṣì wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi. Oorun ń gbé mi lọ, ó tún ń dá mi padà, mi ò sì mọ̀gbà tí ilẹ̀ mọ́, torí pé kò sí ohun tó fi ìyàtọ̀ hàn àyàfi àkùkọ kan tó kọ bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Ẹní ọmọ náà ṣófo. Nígbà tí mo jáde, mo rí i tó ń bọ̀ láti oko, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìdì èèkàn sì wà léjìká rẹ̀ bí igi ìdáná. Ó sọ wọ́n kalẹ̀ lẹ́bàá ààrò.

"Ṣé o rò ó dáadáa?" mo bi í.

"Àná, irọ́ díẹ̀ wà nínú èsì mi, sà. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́."

Màmá wo ìdì èèkàn náà. Ó wọlé, a gbọ́ tó ń palẹ̀ aṣọ mọ́, nígbà tó sì jáde, kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú ti wà nínú ẹrù rẹ̀. Ìyá Aláṣọ bú sẹ́kún, ó ní èéfín ló kó sí òun lójú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàdánù iṣẹ́, mi ò ní fi dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìyà jẹ wọ́n fún ìgbà díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n màmá wẹ ọmọ, ìyá ọmọ sì sanra. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a lọ kí wọn, iná mànàmáná lọ. Màmá gbé ọmọ sí èjìká, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ wò ó. Ó gbórí sókè, ó ń wo ìràwọ̀. "Ẹ̀yin ṣì ń rí gbogbo èyí?" ó bi mí jẹ́jẹ́. Mo ní a máa ń rí i, pé a kì í kà á sí ni. Ó mi orí, ó ń gbé ọmọ jó.

Ilé-iṣẹ́ náà rí abúlé mìíràn. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Igi tíìkì dúró lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó tò fún àdúrà àárọ̀. Òjìji wọn tutù, ó sì lẹ́wà. Kò sí ẹ̀gẹ́ kankan lábẹ́ wọn. Wọ́n sì ní iná tọ̀hún ṣì ń jó.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń bá igi jà. Igi ń mí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, ó sì ń fa èéfín mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni igi fi ń dàgbà, àáké tàbí iná ọdẹ lè pa á lọ́jọ́ kan, nígbà tí gáàsì ń jó lójoojúmọ́. N kò sì sọ pé ọwọ́ tiwa mọ́. Owó epo ni ìjọba fi san owó oṣù mi, epo náà ni mo sì ń rà sínú ọkọ̀ mi. Ẹni tó jẹ nínú ọbẹ̀ kan lẹ́tọ̀ọ́ láti bi alásè ohun tó ń jóná, ó sì yẹ kó bá a sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìrírí ọmọ yìí àti ìyá ìyàwó rẹ̀ kọ́gbọ́n, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín: kí igi tí ẹ máa gbìn jẹ́ àfikún sí iná tí ẹ ti pa, kó má ṣe di àyè fún èyí tó ń jó.