Obìnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Onímú

Ní láàbù ìwádìí oògùn tó ti ṣiṣẹ́ dàgbà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Onímú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ohun tó fara pa mọ́ sínú ewé àti èèpo igi, kó sì yọ ọ́ jáde ní mímọ́. Kò sí obìnrin tó ṣe é níbẹ̀ rí kó tó dé. Òun ló kọ́kọ́ yọ oògùn ibà kan lára èèpo igi kíkorò, lẹ́búlẹ́bú funfun tí kò kún ṣíbí. Imú ló fi ń mọ èyí tó ti mọ́. Yóò ṣí ìgò, yóò fín in símú, yóò ní, "Eléyìí ò tíì mọ́." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà lánàá kó má sún mọ́ ọn.

Ọkọ rẹ̀ ni onídígí ibẹ̀. Iná àti èémí ẹnu ló fi ń mọ gbogbo ìgò tí wọ́n ń lò, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn ún wò lẹ́nu iṣẹ́.

Àṣé ohun tí Onímú ń fín símú ń pa imú náà díẹ̀díẹ̀. Ó dọjọ́ kan, ọṣẹ ò ta sánsán sí i mọ́, kọfí ò lóòórùn mọ́. Kò sọ fẹ́nì kankan. Ta ni yóò máa pè é ní Onímú bí wọ́n bá gbọ́? Ìgbéraga ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìgò ńlá kan sán lọ́rùn. Íítà ló wà nínú rẹ̀, omi kan tó ń gbaná ju pẹtiróòlù lọ. Wọ́n dà á nù kí onídígí lè fi iná lẹ ìgò náà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé kò ní ṣáná àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá fín ìgò náà, tó sì ní òórùn íítà ti tán níbẹ̀, kó má baà gbaná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ yí wọn ká.

"Ṣé ó ti tán?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Onímú ti imú bọ ìgò. Kò gbóòórùn nǹkan kan. "Ó ti tán."

Ọkọ rẹ̀ ṣáná, ìgò náà bú gbàù. Iná jó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì débi pé ìka rẹ̀ ò lè ká mọ́.

Gbogbo ènìyàn ní jàǹbá ni, Onímú náà sì fẹnu gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹ̀yẹ, ó dọ̀gá, ó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílé, Onímú ló ń wọ aṣọ fún un. Láràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ imú tó ti kú náà ń dé ètè rẹ̀, láràárọ̀ ló ń gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n ti darúgbó, ó po tíì fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ tọ́ ọ wò.

"Mílíìkì yìí ti kan."

"Ẹ má bínú. Ojú mi ni ò ríran dáadáa mọ́."

"Kì í ṣe ojú. Imú ẹ ti kú tipẹ́, mo mọ̀. Irú tíì yìí lo ti ń fún mi mu kí ọwọ́ mi tó jó."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ṣáná?"

"O ní ó ti tán ni. Mo rò pé tó ò bá gbóòórùn, wàá sọ fún mi."

Onímú fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹkún ò jẹ́. Ọkọ rẹ̀ fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó mu tíì náà tán.