Kànga tí Mo Ní Kí Wọ́n Dí

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò tètè rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ aláró, la jọ ń gbé ilé bàbá wa. Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù fún un, obìnrin kan ní Kútọ̀ tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Èkó. Obìnrin náà ti kìlọ̀ pé bí aṣọ bá tún bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó dìgbóṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún náà, ẹ̀gbọ́n mi ti yọ aṣọ oníbàárà yìí kúrò nínú aró. Sódà tó ń jẹ aṣọ wà nínú aró òde òní. Bí a kò bá tètè fi omi púpọ̀ ṣàn án, àwọ̀ á ṣe kálakàla, aṣọ á sì gbó. Ó ṣí ẹ̀rọ. Atẹ́gùn nìkan ló jáde.

"Tíṣà! Omi dà?"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá iná ni kò tó gbé e."

"Iná wà. Omi ni kò sí. Bí o ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyí? Àánú wọn ṣe mí."

Omi ìjọba ti gbẹ tipẹ́ ládùúgbò wa. Ilé kọ̀ọ̀kan wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú àpáta, títí gbogbo wa fi ń fa omi kan náà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Nígbà ayé bàbá wa, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú ni wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀ inú kànga àgbàlá. Nígbà tí ẹ̀rọ tiwa dé, èmi ni mo ní kí wọ́n da àwókù bíríkì sínú kànga náà, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ ni mo ń gbé mọ́tò sí.

Mo kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sínú mọ́tò. Ilé mẹ́ta ni mo yà. Ẹ̀rọ wọn ń tú atẹ́gùn bíi tiwa. Ní Ìbarà, ìlà àwọn tó fẹ́ ra omi ti dé títì.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú," ni obìnrin tó ń ta omi wí. "Ẹ̀yìn ni ẹ ó lọ o."

Mo tò. Ó wù mí láti já ìlà, èmi tí mo ti na ọmọ ilé ìwé nítorí ẹ̀. Òòrùn ń mú sí i.

Nígbà tí mo fi gbé omi délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti aṣọ náà. Ó ti fi omi mímu wa ṣàn án, ṣùgbọ́n kò tó. Ó fa etí aṣọ náà kan, ó ya.

"Má wulẹ̀ gbé e wá síbí," ló wí nígbà tó rí kẹ́ẹ̀gì. "Fi se oúnjẹ."

Kò pa aṣọ láró mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn ẹbí wa máa ń sọ pé ọ̀dá ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: ọ̀dá kọ́ ló ní kí n dí kànga, òun kọ́ ló sì ní kí páìpù ìjọba dógùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ má gbé gbogbo ilé lé orísun omi kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa bèèrè páìpù lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀.