Páàsì Ará Ọ̀run

Gbogbo obìnrin agboolé Ọlọ́jẹ̀ ní Mushin ló mọ̀ pé tí oṣù eégún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé á rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ á bá a di báàgì, á kó ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀pà sí i, á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, á ní kó bá òun kí àwọn ará Ìbàdàn. Ọkọ á rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò, á yà sí kọ̀rọ̀, á tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò ní pẹ́ tí Agbọnlẹ̀, eégún baba ńlá wọn tí wọ́n gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, á yọ sí gbangba pẹ̀lú aṣọ tó ń wọ́lẹ̀. Àrìnpé á kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó ilé, á ní Baba, ọkọ òun ò sí nílé o. Lọ́dún kan, Agbọnlẹ̀ fi ohùn ọ̀run rẹ̀ wí pé ẹ̀pà tí wọ́n dì fún arìnrìn-àjò náà ti jóná jù. Ńṣe ni Àrìnpé dojú bolẹ̀ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣé kò mọ̀ ni? Ó mọ̀ dáadáa. Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń bá a lọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Àfi ìgbà tí ìjọba dá sí i. Èwo gan-an nínú tiwọn ni kéèyàn kọ́kọ́ sọ? Ayé ṣójà nígbà náà, owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò, wọ́n wá fi Ọ̀gágun kan ṣe olórí àwọn tí yóò tún ìlú ṣe. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ tipẹ́, àwọn obìnrin ń ru garawa kiri. Kí ni Ọ̀gágun ṣe? Ó mọ ẹja sìmẹ́ǹtì gìrìwò kan sí oríta, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó to eyín sí i lẹ́nu bíi ti ènìyàn, wọ́n ní omi ni yóò máa tú jáde níbẹ̀. Omi wo? Itọ́ lásán, ẹja ọ̀hún ò tu ú rí. Àrìnpé tó ń ta èédú lẹ́bàá ibẹ̀ a máa kẹ́yìn sí i tó bá ń jẹun, kí oúnjẹ má baà kọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́dún tí wọ́n ní àwọn àlejò òkèèrè ń bọ̀ wá wo àṣà wa, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlápàdé ti ọ́fíìsì Ọ̀gágun wá. Ó ní kí Agbọnlẹ̀ wá jó ní Surulere, kí Ọ̀gágun lè wò ó bóyá ó yẹ lójú àlejò. Àkàngbé, olórí agboolé, dá a lóhùn pé àkókò ò tíì tó, pé a kì í ránṣẹ́ pe baba ẹni bí ìgbà tí wọ́n ń pe télọ̀. Ọlápàdé ò bá a jiyàn. Ó kàn nawọ́ sí àwọn ilé òdìkejì tí wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí lára pé àwọn máa wó, ó ní àwọn ò tíì pinnu apá ibi tí títì yóò yà sí. Ó wá já ìdì náílọ̀n aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀. Ó ní aṣọ eégún yẹn máa ṣú jù lójú Ọ̀gágun, kí wọ́n rán èyí bò ó kó lè máa dán. Àkàngbé gbà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ilé lé lórí, kí ni yóò ṣe?

Ohun tó ba Àrìnpé lẹ́rù yàtọ̀ sí ti ilé. Ilé iṣẹ́ òwú ní Ìlúpéjú ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, eruku òwú sì ti wọ̀ ọ́ láyà, ó di ikọ́ fée sí i lára. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sí níbi tó móoru tí afẹ́fẹ́ ò sí. Aṣọ Agbọnlẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé wọ ẹlòmíì, ẹni tí baba rẹ̀ fi lé lọ́wọ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé ní kó bá òun di báàgì, Àrìnpé jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá Fúnlọ́lá, ṣé Ìbàdàn ò ní móoru jù fún àyà yín báyìí?"

"Ọ̀nà yẹn ò ṣeé yẹ̀," ni ọkọ fèsì.

Ó bá a di báàgì náà.

Nígbà tí ọjọ́ ijó pé, wọ́n kó àwọn ará agboolé sí pápá kan ní Surulere tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Kálukú ló ní páàsì lọ́rùn, orúkọ àti fọ́tò wà lára rẹ̀. Ti Agbọnlẹ̀ ńkọ́? Ọlápàdé ti wá ya fọ́tò eégún náà nílé, ó sì ti kọ orúkọ sí i: Agbọnlẹ̀, ará ọ̀run, Mushin. Ṣójà ẹnubodè wo fọ́tò, ó wo aṣọ, ó ní wọ́n jọra, ó jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde kí Ọ̀gágun tó dé. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó lọ sí tẹ́ǹtì nọ́ọ̀sì tó wà nínú pápá, ṣùgbọ́n yóò ṣí ojú, yóò sì sọ orúkọ.

Àárọ̀ ni wọ́n ní Ọ̀gágun ń bọ̀. Oòrùn kan àtàrí, wọn ò rí Ọ̀gágun. Àwọn ìyàwó ilé kọrin títí ohùn fi há. Ibẹ̀ ni Àrìnpé ti gbọ́ ìró kan lábẹ́ náílọ̀n yẹn: fée, fée. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Agbọnlẹ̀ ti dáwọ́ ijó dúró, ó fara ti ọ̀pá. Oyèwọlé, àbúrò Ọ̀jẹ̀túndé tó jẹ́ atọ́kùn eégún náà, sáré lọ bẹ ṣójà pé kó jẹ́ kí Baba jáde. Ṣójà bi í pé àbí ara eégún náà ò yá ni, kó ṣí ojú, kó sọ orúkọ. Oyèwọlé ti mulẹ̀ nínú awo, ẹnu rẹ̀ wúwo.

"Ará ọ̀run kì í ṣàìsàn," ló sọ, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Àrìnpé ti fẹ́ lọ bá ṣójà, ṣùgbọ́n Àmúdàtù, ìyálé gbogbo wọn, ti di ìró rẹ̀ mú. Ó kàn mi orí. Àrìnpé bá kúnlẹ̀ síwájú eégún, ó ń wá ọ̀nà tí kò ní ba awo jẹ́.

"Baba, ọkọ mi tó wà ní Ìbàdàn, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀ nílé."

Ó pẹ́ kí ohùn ọ̀run tó jáde, èémí sì ń já a lẹ́nu. "Ọ̀nà ti dí, obìnrin."

Inú wá bí Àrìnpé. Ó bínú sí Ọ̀gágun, ó bínú sí Ọlápàdé, ó bínú sí Àkàngbé tó gbà fún wọn, ó sì bínú sí Agbọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ tó fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ òun. Ó já ìró rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Àmúdàtù, ó lọ bá ṣójà.

"Ọkọ mi ló wà nínú aṣọ yẹn. Ọ̀jẹ̀túndé lorúkọ rẹ̀. Ikọ́ fée fẹ́ pa á."

Orin dá. Àmúdàtù káwọ́ lérí. Àwọn obìnrin agboolé mìíràn gbójú kúrò, bí ìgbà tí ìró bá bọ́ nídìí ènìyàn ní gbangba. Wọ́n gbé Ọ̀jẹ̀túndé lọ sí tẹ́ǹtì, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Gertrude fi sísọ́ọ̀sì gé náílọ̀n náà dànù, ó bọ́ aṣọ eégún kúrò, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, èémí padà. Àrìnpé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì ń tì í títí dé egungun. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ náà padà, ohun tó ṣe yẹn náà ni yóò tún ṣe. Òrùlé tẹ́ǹtì ni Ọ̀jẹ̀túndé ń wò, kò wo ìyàwó rẹ̀ rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọlápàdé wá kéde pé Ọ̀gágun ò wá mọ́. Ó ti lọ wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin. Kí kálukú padà wá ní Sátidé.

Wọ́n tò sí ẹnubodè. Ṣójà wo Ọ̀jẹ̀túndé, ó bi í pé páàsì rẹ̀ dà. Kò ní. Ṣójà ní ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé ò gba ọ̀dọ̀ òun wọlé, báwo ni yóò ṣe jáde? Àti pé Agbọnlẹ̀ tó wọlé ní àárọ̀ dà? Oyèwọlé fi aṣọ tó ká sí èjìká hàn án. Ṣójà ní rárá o, ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọlápàdé. Ó yẹ páàsì wò síwá sẹ́yìn, ó ní Ọ̀gágun ló fọwọ́ sí i, òun ò lè yí i padà.

"Kí ló wá le níbẹ̀?" ni Ọlápàdé wí. "Kó gbé e wọ̀ padà. Ṣebí aṣọ náà ni?"

Àkàngbé ṣí fìlà, ó wolẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló yí wọn ká, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọ̀jẹ̀túndé gba aṣọ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e borí lójú àwọn obìnrin, bí ẹni ń wọ agbádá. Ṣójà wo fọ́tò, ó ní ó ti dára.

Àwọn ìyàwó ilé tó ti jáde ṣáájú kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, torí ibi tó ti mọ́ orúnkún lára ló ń lọ. Àrìnpé náà kúnlẹ̀. Agbọnlẹ̀ gba ẹnubodè jáde, ó rìn wá, ó dúró síwájú rẹ̀. Àrìnpé tẹríba, ó ń dúró de ohùn ọ̀run.

"Àrìnpé, dìde." Ohùn Ọ̀jẹ̀túndé gan-an ni, ohùn tó fi ń bèèrè omi nílé, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. "Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

Àrìnpé ò lè dìde.