Orí Iṣu Fọlákẹ́

Aládùúgbò mi ń sun iṣu, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìlọfà. Tíṣà ní kí olúkúlùkù wa mú iṣu wá fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Orí iṣu lásán ni Fọlákẹ́, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, fi ewé kókò wé wá. A rẹ́rìn-ín títí.

“Ìyókù ńkọ́?” ni Tíṣà bi í.

“A ti jẹ ẹ́, sà. Ṣùgbọ́n èyí ló máa hù.”

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a kọ ebè kan sẹ́yìn kíláàsì, Fọlákẹ́ sì gbìn ín síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orí iṣu yẹn nìkan ló kù nílé wọn láti gbìn.

Nígbà tí a lọ sin Fọlákẹ́ lọ́dún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin fún àwa ọmọ kíláàsì ìyá rẹ̀ ní orí iṣu kọ̀ọ̀kan, ó fi ewé kókò wé e.

“Màmá ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o.”

Inú àpò erùpẹ̀ ni mo gbin tèmi sí, lẹ́yìnkùlé mi ní Ìlọrin. Ó ti yọ, ó ti ń wá igi tí yóò gùn. Mo ti gé ọ̀parun kan fún un.