Ọwọ́ Tí Ìyá Alátùpà Fi Mú Àtùpà

Bí ẹ bá jókòó nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú obìnrin tí wọ́n ń pè ní Eléèédú, ọwọ́ yín ni yóò máa wò. Kò ní wo ojú yín rárá. Yóò tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni títí ẹni náà yóò fi di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Olè kọ́ ni o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà, eré tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, tí àwọn àgbà náà fẹ́ràn ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ọmọ wọn bojú.

Géèmù tó sọ ilé iṣẹ́ náà di ńlá ni Ilẹ̀ Òjìji. Arìnrìn-àjò kan ló ń wá ọ̀nà ilé nínú ayé tí oòrùn kì í ti í là. Ọba tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ wà níbẹ̀, ẹṣin abìyẹ́ wà níbẹ̀, ẹja tó ń sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Eléèédú ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí apá kìn-ín-ní jáde. Apá kẹjọ ni wọ́n wà báyìí, irun rẹ̀ sì ti ń funfun.

Ó ní òfin kan nídìí iṣẹ́ náà: kì í ti inú orí ya ọwọ́. Ó máa ń sọ pé ojú lè purọ́, ọwọ́ kì í purọ́. Bí wọ́n bá ní kó ya alágbẹ̀dẹ, yóò lọ jókòó ti ẹni tó ń jó irin pọ̀, títí wọn yóò fi lé e. Ọwọ́ ọba olókùúta, ti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn ni, ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi látìgbà náà: bí o bá pẹ́ dé, yóò ní ọba ń bá ọ wí. Ẹja tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni kò yá ọwọ́ ẹnikẹ́ni lò.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀dá inú géèmù náà, Ìyá Alátùpà ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù. Kì í jà, kì í fò, kò ní idà. Nígbà tí arìnrìn-àjò bá ṣìnà, tí ilẹ̀ sú mọ́ ọn, ìyá arúgbó kan yóò yọ pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, yóò ṣíwájú rẹ̀ títí dé ojú ọ̀nà, yóò sì padà síbi tó ti wá láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́ apá kìn-ín-ní, àwọn àgbà ayàwòrán ń du jagunjagun mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ya arúgbó. Wọ́n jù ú sí Eléèédú, òun ló dé kẹ́yìn. Ó gbé e lọ sílé, ó sì ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí. Nígbà tí ìyá wọn kú, Eléèédú kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ẹ̀gbọ́n náà kò tíì dàgbà tán, ó pa ìwé tì, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó di ìyá, ó di bàbá. Àbúrò ń fi èédú ya nǹkan sára ògiri, àwọn ará ilé ń pariwo pé ọmọ yìí ti ba ilé jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá tó àkókò, àwa la máa kùn ún." Lẹ́yìn náà ló fún un ní ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ, pé kó fi èédú sílẹ̀ fún ààrò. Orúkọ Eléèédú kò kúkú lọ mọ́.

Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fi rúlà na ọwọ́ náà nílé ìwé títí ó fi wú, ọwọ́ kọ̀, ó lóun kò ní yípadà. Òun náà ló fi di sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún mú, tó ń gé aṣọ láìwọ́. Ohun tí Eléèédú jẹ, ohun tó wọ̀, ìwé tó kà, ọwọ́ òsì yẹn ló ti wá. Nítorí náà, nígbà tó ya Ìyá Alátùpà, ọwọ́ òsì ló fi àtùpà sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, ikùn rẹ̀ kéré, kò lè gba àwòrán púpọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọn yóò ya ènìyàn bí ó ṣe ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Bó bá fẹ́ padà, ẹ̀rọ yóò kàn yí àwòrán náà, bí ìgbà tí ènìyàn rí ara rẹ̀ nínú dígí. Ohun tó wà lọ́wọ́ òsì yóò bọ́ sí ọ̀tún. Eléèédú mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá yòókù, àfi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò wá sí i lọ́kàn. Ìfẹ́ ló dí i lójú.

Ọjọ́ tó gbé géèmù náà wálé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó rí ara rẹ̀ tó ń lọ pẹ̀lú àtùpà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Alátùpà yí padà.

"Eléèédú, wá kí n bi ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Nígbà tó ń lọ, èmi ni. Èyí tó ń bọ̀ yìí ńkọ́, ta ni?"

"Ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, màá tún un ṣe."

"Kí n tó kú ṣá o," ni ẹ̀gbọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀.

Apá kejì dé, apá kẹta dé, kò rí i tún ṣe. Àwọn tó ń ta géèmù náà ti nífẹ̀ẹ́ sí àṣìṣe yẹn. Wọ́n ti ń pìtàn sí i, pé bí àtùpà bá wà lọ́wọ́ òsì, ewu ń bẹ níwájú, bó bá bọ́ sí ọ̀tún, ilé ti sún mọ́lé. Wọ́n ṣe bèbí oníke rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi àtùpà sí. Lọ́dọọdún ni Eléèédú ń sọ̀rọ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n ń ní kó ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n kò sì bi í mọ́, èyí gan-an ló ń dùn ún.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ apá kẹjọ, ẹ̀rọ ti di abikùn-ńlá. Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀dá náà lódindi, bí ère tí ènìyàn lè yí po. Ìyá Alátùpà kò ní yí bí dígí mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ kan.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà, ọmọdé ló jẹ́ nígbà tí apá kìn-ín-ní jáde. Bèbí oníke náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ọ̀dà ojú bèbí náà ti ṣí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, Mà," ló wí. "Èyí ni mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi tí ẹ̀rù bá ń bà mí. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ta ló bí i?" ni Eléèédú bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi tí mo bí i, mo ní ọlọ́wọ́ òsì ni."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ènìyàn rere ni. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ yà á wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. Tí mo bá wò ó, tí ọkàn mi sọ fún mi pé òun náà ni, ó parí. Tí kò bá jọ ọ́, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo ọ̀tún."

Ó yẹ kí Eléèédú máa fò sókè. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀gá kò mọ̀. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n, ó sì mú apá òsì. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹnu tó wọ́ ti tọ́, ó tilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ràn. Ilé Eléèédú ló wá ń gbé, máṣíìnì rẹ̀ wà ní igun pálọ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ọwọ́ òsì náà, abẹ́ ìborùn ló máa ń fi pa mọ́ sí, àní nígbà tó bá dá wà. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ọwọ́ fún un sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ni wọ́n ní kí o wá nà, wọn ò ní kí o wá pòwe."

Ọjọ́ tí ọ̀gá sọ̀rọ̀ yẹn, Eléèédú délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi àtùpà náà sí," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọdún tí mo ti ń jà yìí..."

"Mo gbọ́. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni. Òkú ọwọ́ lèyí. Ṣé òkú lo fẹ́ gbé àtùpà lé lọ́wọ́, kí gbogbo ayé wá máa wò ó?"

Eléèédú wọ ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí ó máa dà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ pé òun ń sunkún.

Ó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ó ya ọwọ́ òsì tirẹ̀, ọwọ́ náà mú àtùpà bí ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ó yá ọwọ́ akọ̀wé kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì lò. Ọwọ́ náà dára, kò mọ Eléèédú rí. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti ń bá ara rẹ̀ sọ pé kò burú, ọ̀tún náà, ọwọ́ ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ó ń jáde nínú yàrá, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró lójijì. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sójú fèrèsé, níbi tí òdòdó kan wà nínú agolo, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíì bomi rin. Ó ń gbé jọ́ọ̀gì omi bọ̀ láti orí tábìlì. Ìborùn ti bọ́ sílẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì kọ́ sára etí jọ́ọ̀gì, wọ́n ń gbọ̀n, ọwọ́ ọ̀tún sì gbé e nídìí, ó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀yìn ìyá náà tẹ̀ sórí omi yẹn bí ẹni tó gbé ohun iyebíye. Ó dé ibẹ̀. Omi díẹ̀ ló dà sílẹ̀.

Eléèédú lè jí i yà. Ojú rẹ̀ ti gbà á, kò ní gbàgbé ẹyọ ìka kan. Ṣùgbọ́n a kì í ja ẹni tó tọ́ni lólè. Ó gbé bàtà sílẹ̀, ó rìn síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n yà á bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n fò fẹ́rẹ́, ó fẹ́ fa ọwọ́ pa mọ́, kò sì sí ìborùn. "Bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ̀n yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà. Àtùpà náà wúwo, ìyá náà ti dàgbà. Ó sì ń gbé e bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Èmi tí ẹ gbé dàgbà, ṣé mo lè pè é lókùú?"

Ẹ̀gbọ́n wo òde títí.

"Gbé àga wá," ló wí. "Kí o sì yára, ó ń rẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wo àwòrán náà. Ó mú bèbí rẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tún wo àwòrán. Ó ní, "Ọ̀tún wà níbẹ̀, òsì wà níbẹ̀." Ó nu imú. "Òun ni, Mà. Òun náà ni." Nígbà tí àwọn tó ń mú àwòrán rìn bi í bóyá kí àwọn mú gbígbọ̀n yẹn kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò fojú ba ilé ẹjọ́.

Nígbà tí ó ṣe, Eléèédú gbé kọ̀ǹpútà wálé lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù síwájú ẹ̀gbọ́n, ó sì fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án. Ìyá Alátùpà yọ. Ó ń lọ, ọwọ́ òsì di àtùpà mú, ọ̀tún gbé e nídìí, iná ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n. Ó lọ títí ojú ọ̀nà fi tán.

"Yí i padà," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀yin lẹ máa yí i. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà yí, tẹ̀yìn tojú, ó kọjú sí wọn, ó ń bọ̀. Òsì ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀tún ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Èmi náà ló ń bọ̀ yìí," ló wí. "Eléèédú, èmi náà ni."

Àwọn méjèèjì sunkún dáadáa, kò sẹ́ni tó ṣí omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ranjú mọ́ ọn.

"Ṣùgbọ́n ta ló rán aṣọ yìí fún mi? Wo bí apá rẹ̀ ṣe súnkì lábíyá. Ṣé kò sí aránṣọ nílé iṣẹ́ yín ni?" Ó na ọwọ́ òsì sí igun pálọ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, kò sì fà á padà. "Lọ ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì yẹn. Jẹ́ kí n fi bí apá aṣọ ṣe ń rí hàn ọ́."

Eléèédú dìde, ó sì lọ ká a.