Àga Tí Wọ́n Wá Gbé Lẹ́yìn Ìbò

Ìbò tó kọjá yìí ni mò ń sọ, kì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀ ní Ọ̀fà, eruku ṣì bo gbogbo fèrèsé wọ́ọ̀dù wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ máa ń bi mí pé ìjà wo ló dùn mí jù. Ẹ máa ń rò pé ìyanṣẹ́lódì ni màá dárúkọ. Rárá o, ọ̀rọ̀ àga ni.

Ṣáájú ìbò, olóṣèlú kan tó ń du ipò aṣòfin kó àga ìrọ̀gbọ̀kú mẹ́rin àti fíríìjì ńlá kan wá fún wa, kí àwọn tó ní jẹjẹrẹ lè máa gba oògùn wọn níbí. Dókítà á máa wá láti Ìlọrin, èmi á sì máa fa oògùn náà sí wọn lára. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ṣàdúà, wọ́n gé ríbọ́n. Inú mi dùn, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹni tó kàn ló mọ̀. Ìyá Múínà, àgbẹ̀ oníṣu láti Ojoku, ti kọ́kọ́ ń gba oògùn jẹjẹrẹ ọmú ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀, èébì gbé e nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ sì já a sílẹ̀ lójú títì pé kò ní ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ó búra pé òun ò lọ mọ́. Àga tó dé sí Ọ̀fà yìí ló dá a padà sídìí ìtọ́jú. Mo máa ń fún un ní yìnyín lá kí ẹnu rẹ̀ má baà bó, mo máa ń gbé abọ́ sí i lábẹ́ àgbọ̀n, mo sì máa ń jẹ́ kó bú mi. Obìnrin náà mọ èébú í bú! "Sístà, oògùn yín yìí, ṣé ẹ ti fi pa eku rí?" Tó bá bú mi tán, a jọ máa rẹ́rìn-ín, a ó sì dájọ́ míì.

Olóṣèlú wa fìdí rẹmi. Wọ́n kéde èsì tán, ni lọ́rì kan bá wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà wá. Àwọn géńdé bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn wá kó ẹrù ọ̀gá àwọn. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ká má bá wọn jà. Mo pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́, a dí ẹnu ọ̀nà, a ń kọrin. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n to oògùn inú fíríìjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé fíríìjì náà lọ. Wọ́n kó àga mẹ́ta. Orí ìkẹrin ni Ìyá Múínà wà, oògùn ń kán sí i lára lọ́wọ́. Mo sáré wọlé lọ dúró tì í.

"Ìyá, ẹ dìde," olórí wọn wí.

"Oògùn yìí ò ṣeé fà jáde bẹ́ẹ̀," mo dá a lóhùn. "Tó bá jò sábẹ́ awọ, á jẹ ẹran ara wọn. Ẹ ò ní fọwọ́ kan àga yìí títí á fi tán."

"Kí ẹni tí ẹ dìbò fún ra àga fún yín. Gbogbo yín lẹ kọ ọ̀gá wa."

Ìyá na ọwọ́ sí i. "Èmi dìbò fún ọ̀gá yín. Wò ó, tàdáwà ìbò rèé lọ́wọ́ mi."

Ó wo ọwọ́ náà. Oògùn ti sọ gbogbo èékánná Ìyá di dúdú, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ èyí tí wọ́n fi tàdáwà kùn.

"Ìyá, gbogbo ẹ̀ ló dúdú," ó wí. Ó fara ti ògiri, ó ń dúró.

"Sístà," Ìyá sọ sí mi létí, "ẹ jẹ́ kó rọra máa kán."

Mo dín in kù dé ibi tí iṣẹ́ wa gbà mí láyè. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ń kọrin níta, géńdé náà ń tẹ fóònù rẹ̀, àwa méjì ń wo omi inú ike. N ò gbàdúrà rí pé kí dírípù má tán, àfi ọjọ́ yẹn. Ó tán. Mo yọ abẹ́rẹ́, mo fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. Ìyá dìde fúnra rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu àga náà, ó ní, "Ẹ máa gbé e." Mo sunkún níwájú gbogbo wọn.

Kí la jèrè? Wọ́n ò lù wá, ilé iṣẹ́ rédíò sì sọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó wọlé ìbò ní òun kọ́ lòun ṣèlérí àga. Páálí ni wọ́n ń kó sínú yàrá náà báyìí. Mo bá Ìyá Múínà lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ike èébì dání. Nígbà tí ọjọ́ míì pé, ó ní, "Sístà, ó tó." Kí iṣu tuntun tó jáde, a ti sin ín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ò rí nǹkan kan.

Lóṣù tó kọjá, Múínà ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan kókó kan lábẹ́ ọmú rẹ̀.

"Mọ́mì, níbo ni kí n gbé e lọ?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ọdún tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ jà, gbogbo orin tí a ti kọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yìí, n ò ní èsì míì fún un. Mo ní, "Ìlọrin."