Ògiri Tí Ewúrẹ́ Kò Gbọdọ̀ Fara Kàn

Irùngbọ̀n Ezekiel Oyèbọ̀dé kò tí ì hù tó ti ń to bulọ́ọ̀kù. Ìkàrẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni ilé rẹ̀, kò sì sí àdúgbò kan lórí òkè Ọ̀kà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti mọ ògiri rí. Síbẹ̀, ní ọdún 2019, ilé kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: ilé ìgbẹ̀bí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní kó bá àwọn kọ́ sí àdúgbò rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe bí Ìbíyínká ọmọ rẹ̀ kò ní bi í pé kí ló dé. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni Eunice ìyàwó rẹ̀ wà, tí wọ́n ń sáré gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, tí ọmọ fi ní òun kò lè dúró mọ́. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n tẹ́ ìyá ọmọ sí. Láti ọjọ́ náà ni Ezekiel ti ń sọ pé bí wọn yóò bá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí àdúgbò àwọn láéláé, ọwọ́ òun ni yóò parí rẹ̀.

Ògúnwọlé ni káfíńtà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún. Àwọn méjèèjì kì í pe ara wọn lórúkọ. “Bírìkìlà” ni ọ̀kan, “Káfíńtà” ni èkejì. Àṣà kan sì wà láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n jọ ń rìn: lọ́jọ́ tí bírìkìlà bá fa ògiri lé káfíńtà lọ́wọ́ kó wá kan òrùlé, káfíńtà gbọ́dọ̀ bú ògiri náà. Kó bú u dáadáa. Káfíńtà tó bá yin ògiri, wọ́n á ní ó ti rí àléébù kan tó ń bò mọ́lẹ̀. Bí Ògúnwọlé bá bú tirẹ̀ tán, Ezekiel á fèsì pé páànù Káfíńtà a máa bá ẹyẹ fò lọ sí Ọ̀bà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó ti gààrí.

Lọ́jọ́ tí ògiri ilé ìgbẹ̀bí parí, òjò kò jẹ́ kí Ògúnwọlé wá. Ezekiel ya fọ́tò ògiri, ó fi í sórí gúrúùpù Wáásáàpù ọmọ ìlú, níbi tí èèyàn tó lé ní igba wà, ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi. Kò pẹ́ tí Káfíńtà fi fèsì:

“Bírìkìlà, ṣé ẹmu lo fi po sìmẹ́ńtì yìí ni? Ẹ bá mi so gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò mọ́lẹ̀ o. Èyí tó bá fara kan ògiri yìí, òun àti ògiri la ó jọ sin.”

Ezekiel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe Eunice kó wá kà á. Kí Eunice tó nu ọwọ́ tán, èsì ti ń rọ́ wọlé.

“Àwọn aboyún la fẹ́ kó síbẹ̀ o.”

“Káfíńtà tó wà nídìí iṣẹ́ ló sọ ọ́ fẹ́nu ara rẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?”

Mọ́júbọ́lá, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, tó ti ń gbé Àbújá láti kékeré, ní kí iṣẹ́ dúró ná.

Ezekiel fi ohùn ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwàdà ni. Báyìí la ṣe ń bú ara wa.”

“Ta ló ń fi ẹ̀mí aboyún ṣàwàdà?” ni Mọ́júbọ́lá kọ padà.

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí i? Ká ní ojúkojú ni, ọwọ́ tí Káfíńtà máa ń gbé lé èèyàn léjìká ti tó àlàyé. Fóònù kò ní èjìká. Ezekiel ní kí wọ́n rán ẹnikẹ́ni wá kó fi okùn wọn ògiri náà láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n rán wá. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ògúnwọlé wá bá a nílé. “Bírìkìlà, kí ni kí n ṣe?”

“Sọ fún wọn pé ògiri dára.”

“Kí n yìn ín?”

“Yìn ín.”

“Níbi tí gbogbo wọn wà yẹn?”

“Káfíńtà, yin ògiri náà.”

Ògúnwọlé kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé: “Ògiri Ezekiel dára púpọ̀. Kò ní àbùkù kankan.”

Àwọn ará ẹ̀yìn odi ní wọ́n ti dẹ́rù ba Káfíńtà ni. Ìyẹn kò dun Ezekiel tó ti àwọn ará ilé. Jimoh tó ń ṣe bulọ́ọ̀kù ní Ìkàrẹ́, tó mọ àṣà wọn dáadáa, pè é lórí fóònù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá Ezekiel, Káfíńtà ń yìn yín? Kí ló rí lára ògiri yẹn? Ẹ sọ fún mi, mi ò ní wí fẹ́nì kan.”

Ezekiel pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìgbìmọ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n wó ògiri náà. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n mú wá láti Ògbàgì, pẹ̀lú òòlù ńlá. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, igun kan péré ló ṣí. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí òkúta, ó ń fẹ́ atẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó ń béèrè pé ta ló kọ́ ògiri yìí. Àwọn èèyàn ti pé jọ, wọ́n ń wòran.

Ezekiel dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ògúnwọlé wá dúró tì í. Nígbà tó yá, Káfíńtà wú ikọ́ díẹ̀.

“Bírìkìlà, mo sọ fún ọ pé ẹmu lo fi pò ó.”

Ẹ̀rín gun Ezekiel lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kó jáde, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wo ọwọ́ àwọn èèyàn, bóyá ẹnì kan gbé fóònù sókè. Nígbà tó fi wo ọwọ́ gbogbo wọn tán, ẹ̀rín náà ti lọ.

“Rọra sọ̀rọ̀,” ló wí.